Ẹ̀rọ iná ±15V tí mo fọwọ́ kọ́ ń kùn ní apá nẹ́gátíìfù: ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò?

OlóhùnGeere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ẹ̀rọ iná kan tí mo fọwọ́ ara mi tò fún príámpù àti ámpílífáyà híédífóònù. Tírànsífọ́mà 15-0-15 ló wà níbẹ̀, dáyóòdù 1N4002 mẹ́rin ni mo fi ṣe bíríìjì tó ń sọ iná AC (tó ń yí padà) di DC (tó ń lọ síhà kan), kàpásítọ̀ 1000µF kan wà ní apá kọ̀ọ̀kan, rẹ́gúlétọ̀ LM317, tó ń mú fóltéèjì dúró lójú kan, wà ní apá pọ́sítíìfù, LM337 sì wà ní apá nẹ́gátíìfù. R1 àti R2 ni rẹsísítọ̀ tó ń pinnu fóltéèjì abájáde: R1 jẹ́ 120Ω. R2 jẹ́ 1.2kΩ àti 120Ω tí mo tò tẹ̀lé ara wọn.

Bí mi ò bá tíì so nǹkan kan mọ́ ọn, mítà ń kà +15.0 àti −15.0, kò yẹ̀ rárá. Àmọ́ gbàrà tí mo bá so ámpílífáyà mọ́ ọn, nǹkan kan á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nínú híédífóònù. Ohùn náà wúwo, ó wà nísàlẹ̀, bí mo sì yí bọ́tìnnì ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, kò yí padà. Apá pọ́sítíìfù ṣì dúró lórí 15.0, ṣùgbọ́n nẹ́gátíìfù ń kà 14.8, nígbà míì 14.7. Ohun tí mo so mọ́ ọn ń gba nǹkan bí 250mA láti apá kọ̀ọ̀kan. Kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Wáyà_Pupa

LM337 yẹn ni. Pààrọ̀ rẹ̀, kí o pààrọ̀ kàpásítọ̀ apá yẹn pẹ̀lú. Ayédèrú rẹ́gúlétọ̀ pọ̀ lóde.

Àgbà_Rédíò

Wáyà_Pupa, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí OlóhùnGeere kọ, kò sí èyí tó tọ́ka sí LM337 ju nǹkan mìíràn lọ. Bí a bá ń pààrọ̀ nǹkan láì wọ̀n wọ́n, ẹ̀rọ lè ṣàdédé dára, a ò sì ní mọ ohun tó ṣe é. Ọjọ́ tí àìsàn náà bá padà dé, ìbẹ̀rẹ̀ la ó tún wà.

Àbúrò OlóhùnGeere, kó o tó gbé mítà, jẹ́ ká sọ ti ààbò. Iná ilé tó wọ inú tírànsífọ́mà ń pani. Ibi tí wáyà rẹ̀ ti wọlé, bò ó pátápátá kí ọwọ́ má bàa kàn án nígbà tí o bá ń wá nǹkan mìíràn kiri. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà lójú wáyà tó gbé iná. Bí àpótí bá jẹ́ irin, wáyà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ara irin náà, kó sì dì mọ́ ọn ṣinṣin. Gbogbo ìgbà tí o bá fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan nínú rẹ̀, yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Pé o pa súwíìṣì kò tó. Lẹ́yìn náà, fi rẹsísítọ̀ 1kΩ oní-2W kan ẹsẹ̀ kàpásítọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí iná inú rẹ̀ lè jò tán, kó o sì fi mítà rí i pé ó ti di òdo. Má fi sùkúrú-díráfà ṣe é. Kàpásítọ̀ lè ti ara rẹ̀ bàjẹ́, ìtapàrà rẹ̀ sì lè ba ojú jẹ́.

Ohun kan tún wà tó yẹ kó wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń tò ẹ̀rọ iná: gílóòbù 60W ti àtijọ́, èyí tí wáyà inú rẹ̀ máa ń pọ́n, kì í ṣe LED. A máa ń so ó sójú wáyà iná ilé kí iná tó dé tírànsífọ́mà. Bí ohunkóhun bá so kọ́ra nínú ẹ̀rọ, gílóòbù á tàn gbòò, á sì gba ìyà náà dípò tírànsífọ́mà. Bí kò bá sí nǹkan, á tàn fìrí nígbà tí kàpásítọ̀ ń kún, á sì pọ́n lẹ́yìn náà tàbí kó kú. Tírẹ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà o lè má nílò rẹ̀ báyìí, àmọ́ nígbàkigbà tí o bá tún nǹkan jó sí i, lò ó kó o tó tan ẹ̀rọ. Yọ ọ́ kó o tó wọ̀n nǹkan, torí ó máa ń dín fóltéèjì kù.

Ní ti àyẹ̀wò, tẹ̀lé iná láti orísun rẹ̀ wá: lẹ́nu tírànsífọ́mà, lórí kàpásítọ̀ ńlá, lẹ́nu abáwọlé rẹ́gúlétọ̀, lẹ́nu abájáde rẹ̀. Ní ojú kọ̀ọ̀kan, kà DC, kó o sì kà AC. Kí ẹrù, ìyẹn ohun tó ń lo iná, wà lórí rẹ̀ nígbà tí o bá ń kà á. Àìsàn tó jẹ́ pé abẹ́ ẹrù ló ti ń jáde, a kì í rí i nígbà tí ẹ̀rọ bá ń sinmi.

OlóhùnGeere

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Ẹ̀rù ń bà mí láti fi ámpílífáyà gan-an ṣe ẹrù nígbà tí mo bá ń fi ẹnu mítà kiri, kí n má lọ ba ohun tí kò ṣẹ̀ jẹ́. Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí mo lè lò?

ÌyáÒjé

Ìbẹ̀rù ọgbọ́n nìyẹn, ọmọ mi. Rẹsísítọ̀ ni kó o lò. 15V pín sí 0.25A jẹ́ 60Ω, nítorí náà wá 62Ω tàbí 56Ω méjì, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Iná tí 62Ω á máa jó ní 15V tó 3.6W, torí náà oní-10W ni kó o rà. Gbé wọn sórí nǹkan tí kò lè jó, má sì fọwọ́ kàn wọ́n: wọ́n á gbóná gan-an bí wọn ò tiẹ̀ bàjẹ́.

Mo ní ìkìlọ̀ kan lórí mítà. Bí o bá gbé e sí AC tí o sì fi kan ibi tí DC wà, àwọn mítà kan ń kà DC náà mọ́ ọn, nọ́ńbà tó máa jáde á kàn dẹ́rù bà ọ́ lásán. Fi kàpásítọ̀ kékeré 0.1µF tí kò ní pọ́sítíìfù àti nẹ́gátíìfù, tó lè gba 63V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, sójú ẹnu mítà pupa. Ó máa ń dènà DC, ìgbì AC nìkan ló ń jẹ́ kó kọjá. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan rẹ́gúlétọ̀ láìṣẹ̀, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

OlóhùnGeere

Mo ti ṣe é. Rẹsísítọ̀ 62Ω wà lápá kọ̀ọ̀kan, kàpásítọ̀ 0.1µF wà lójú mítà.

Lẹ́nu tírànsífọ́mà, láti àárín sí ìhà kọ̀ọ̀kan: 15.1V AC àti 15.0V AC.
Lórí kàpásítọ̀ ńlá pọ́sítíìfù: 19.2V DC, ìgbì AC 0.7V.
Lórí kàpásítọ̀ ńlá nẹ́gátíìfù: 18.0V DC, ìgbì AC 1.4V.
Abájáde LM317: 15.0V DC, AC kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí.
Abájáde LM337: 14.8V DC, AC 0.3V.

Bí mo bá yọ rẹsísítọ̀ kúrò, gbogbo rẹ̀ á padà sí 15.0, ìgbì náà á sì parẹ́.

Wáyà_Pupa

Ẹ ò rí i? 18.0 ló ń wọ inú LM337, 15 la sì fẹ́ kó jáde. Àlàfo 3V nìyẹn. Nǹkan bí 2V ni rẹ́gúlétọ̀ yìí nílò láàárín abáwọlé àti abájáde. Ohun tó nílò wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó ń jẹ́ kí ìgbì kọjá. Rẹ́gúlétọ̀ ló bàjẹ́.

Ìró100

Wáyà_Pupa, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lo fọwọ́ lé yẹn, àmọ́ nọ́ńbà 18.0 yẹn ń tàn wá jẹ. Fóltéèjì orí kàpásítọ̀ kì í dúró lójú kan. Dáyóòdù á tì í gòkè dé góńgó, ẹrù á fà á wálẹ̀, títí dáyóòdù á fi tún tì í. Mítà tó wà ní DC máa ń kó òkè àti ìsàlẹ̀ pọ̀, àárín wọn ló sì ń kà fún wa. Ohun tí rẹ́gúlétọ̀ ń jẹ níyà kì í ṣe àárín, ìsàlẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Góńgó 15V AC jẹ́ 15 × 1.414, ìyẹn 21.2V. Dáyóòdù kan jẹ nǹkan bí 0.7V níbẹ̀, ó ku 20.5V. Níbi tí iná ilé bá jẹ́ 50Hz, bíríìjì tó pé máa ń ti iná sínú kàpásítọ̀ nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti mọ iye tí fóltéèjì ń fi wálẹ̀ kí ìtì mìíràn tó dé, pín ìṣàn iná sí iye ìtì tó o ti sọ di púpọ̀ pẹ̀lú kàpásítọ̀: 0.25 ÷ (100 × 0.001) = 2.5V. Apá pọ́sítíìfù wá ń lọ láàárín 20.5 àti 18.0. Àárín wọn jẹ́ 19.2 àti díẹ̀. Ohun tí mítà kà gan-an nìyẹn.

Wá wo apá kejì. Ká ní dáyóòdù kan nínú méjì tó ń bọ́ apá nẹ́gátíìfù kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ìtì 100 á di 50. 0.25 ÷ (50 × 0.001) = 5V. Fóltéèjì á máa lọ láàárín 20.5 àti 15.5, àárín wọn á sì jẹ́ 18.0. Nọ́ńbà tí OlóhùnGeere kà ló jáde yẹn. Nísàlẹ̀ ìgbì náà, 15.5 ló ń wọ inú LM337, a sì ní kó mú 15 jáde. Àlàfo rẹ̀ ti tán, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìdí nìyẹn tí ohùn tó ń kùn fi wúwo. Ká ní gbogbo dáyóòdù pé, tí ìgbì kàn ń jò kọjá, 100Hz la bá gbọ́, ohùn rẹ̀ ì bá ga ju èyí lọ. Níbi tí iná ilé bá jẹ́ 60Hz, 120 àti 60 ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò.

Ìgbì AC náà jẹ́rìí sí i. Irú ìgbì onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀, bí o bá pín gíga rẹ̀ sí 3.46, o máa rí ohun tí mítà ń kà. 2.5 fún wa ní 0.72, 5 sì fún wa ní 1.44. Ẹ wo 0.7 àti 1.4 tó kọ lókè.

Ẹ fojú inú wo ìkòkò omi kan tí ẹni méjì ń pọn omi sí, tí ẹnìkan sì ń bù nínú rẹ̀ láì sinmi. Bí ọ̀kan nínú àwọn apọnmi bá dẹ́kun, ìkòkò ṣì ń kún dé ẹnu nígbàkigbà tí ẹnìkejì bá dé. Àmọ́ kó tó padà dé, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìdí. Ẹni tó ń wo ẹnu ìkòkò nìkan kò lè mọ̀.

Wáyà_Pupa

Ó yé mi wàyí. Mo gbà.

Àgbà_Rédíò

Ìró100 ti ṣe é tán. Ó ku ká mọ dáyóòdù wo ni, ìdẹkùn kan sì wà níbẹ̀ tó ti mú ọ̀pọ̀ oníṣẹ́.

Àwọn dáyóòdù méjì tí à ń wá ni àwọn tí ẹ̀yìn wọn, ìyẹn ìhà tí kò ní ìlà funfun, so mọ́ ẹsẹ̀ nẹ́gátíìfù kàpásítọ̀ ńlá apá nẹ́gátíìfù. Gbé mítà sí àyẹ̀wò dáyóòdù. Ẹnu pupa sí ìhà tí kò ní ìlà, ẹnu dúdú sí ìhà tó ní ìlà: èyí tó dára máa ń kà láàárín 0.5 àti 0.7. Bí o bá yí ẹnu mítà padà, kò gbọdọ̀ kà nǹkan kan.

Ìdẹkùn náà nìyí. Bí tírànsífọ́mà bá ṣì so mọ́ bọ́ọ̀dù, wáyà inú rẹ̀ ti so ìhà AC dáyóòdù méjèèjì pọ̀, agbára ìdènà rẹ̀ kò sì ju ohm díẹ̀ lọ. Bí o bá wọ̀n dáyóòdù tó ti kú, iná mítà á gba inú tírànsífọ́mà kọjá sínú èyí tó dára, á sì kà 0.6 fún ọ. Wàá sọ pé gbogbo wọn pé, wàá sì padà sídìí LM337. Nítorí náà, yọ púlọ́ọ̀gì, jẹ́ kí kàpásítọ̀ jò tán, kó o tú wáyà méjèèjì tó wá láti ẹ̀gbẹ́ tírànsífọ́mà kúrò lára bọ́ọ̀dù kó o tó wọ̀n ohunkóhun.

Má sì fi ẹnu mítà kan ẹsẹ̀ dáyóòdù nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, fi kan ojú ọ̀nà kọ́pà tí ẹsẹ̀ náà yẹ kó so mọ́ lórí bọ́ọ̀dù. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá yàtọ̀ síra, dáyóòdù kò ṣẹ̀.

OlóhùnGeere

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ gidi. Mo tú wáyà tírànsífọ́mà kúrò. Mẹ́ta nínú mẹ́rin kà 0.57 láti orí kọ́pà. Ẹ̀kẹrin, ọ̀kan nínú méjì tó ń bọ́ nẹ́gátíìfù, kò kà nǹkan kan láti orí kọ́pà, ṣùgbọ́n láti orí ẹsẹ̀ rẹ̀ ó kà 0.57 bíi ti àwọn yòókù. Mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó: òrùka dúdú tín-ín-rín kan yí ẹsẹ̀ náà ká láàárín òjé. Òjé náà wà níbẹ̀, kò kàn di ẹsẹ̀ náà mú ni.

ÌyáÒjé

Òrùka yẹn ni ọ̀tá wa. Ẹsẹ̀ dáyóòdù máa ń gbóná nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, á tutù nígbà tí a bá pa á, á máa fẹ̀ á sì máa sún kì. Òjé tí kò bá mú ẹsẹ̀ náà dáadáa látìbẹ̀rẹ̀ á yà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Má kàn gbé irin gbígbóná lé òjé àtijọ́ lórí kó lè yọ́. Fa òjé náà kúrò pátápátá. Fi ọ̀bẹ tàbí ìwé oníyanrìn (sandpaper) ha ẹsẹ̀ dáyóòdù títí á fi dán, torí ìdọ̀tí tó wà lára rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òjé mú un. Fi fílọ́ọ̀sì díẹ̀, ohun tó ń jẹ́ kí òjé ṣàn dáadáa, sí i. Gbé ẹnu irin náà, ní nǹkan bí 350°C, síbi tó ti máa kan kọ́pà àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó o wá fi òjé kan ìhà kejì ẹsẹ̀, kì í ṣe ẹnu irin. Bí àwọn méjèèjì bá ti gbóná tó, òjé á ṣàn yí wọn ká fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì sí mẹ́ta ti tó. Má jẹ́ kí nǹkan mì kí òjé tó le. Òjé 63/37 dára fún irú iṣẹ́ yìí torí ní 183°C ló ń yọ́, ibẹ̀ náà ló sì ń le, kì í rọ̀gbọ̀ láàárín.

Tún àwọn mẹ́ta yòókù jó bákan náà bó o ti wà níbẹ̀. Wo ẹsẹ̀ rẹ́gúlétọ̀ àti ti kàpásítọ̀ ńlá náà, torí àwọn náà máa ń gbé ooru tàbí ìwúwo.

OlóhùnGeere

Mo ti tún gbogbo rẹ̀ jó. Mo kọ́kọ́ fi gílóòbù dán an wò: ó tàn fìrí, ó sì rọlẹ̀. Mo yọ gílóòbù, mo dá ẹrù padà, mo sì tún kà á: 19.2 àti 19.2 lórí kàpásítọ̀ ńlá, ìgbì AC 0.7 ní apá méjèèjì, 15.0 àti 15.0 ní abájáde. Ìkùn tó wúwo yẹn ti lọ pátápátá. Inú mi dùn gan-an, ẹ ṣeun.

Àmọ́ nísinsìnyí tí ìyẹn ti lọ, mo ń gbọ́ ohùn mìíràn tó ti bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kéré, ó mú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó ń dún zìn-ìn-ìn. Rẹ́gúlétọ̀ méjèèjì tún gbóná débi pé ọwọ́ mi ò lè dúró lára wọn. Wọn ò ní irin ìtutù kankan.

Ìró100

Zìn-ìn-ìn tó mú bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìgbì abájáde ti mọ́, gíráàǹdì, ìyẹn ojú 0V tí a ti ń ka fóltéèjì yòókù, ni màá kọ́kọ́ fura sí. Kọ́kọ́ ya ẹ̀sùn náà sọ́tọ̀: so ẹnu abáwọlé ámpílífáyà pọ̀ mọ́ gíráàǹdì rẹ̀ kí ohunkóhun má wọlé. Bí ohùn náà bá lọ, wáyà tó ń gbé ohùn wọlé ló ń gbà á. Bó bá ṣì wà, inú ni.

Níbo ni wáyà gíráàǹdì ámpílífáyà ti so mọ́ ẹ̀rọ iná?

OlóhùnGeere

Ohùn náà ṣì wà lẹ́yìn tí mo so abáwọlé pọ̀. Ìdí kàpásítọ̀ ńlá apá pọ́sítíìfù, ìyẹn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà níhà gíráàǹdì, ni wáyà gíráàǹdì ámpílífáyà ti so.

Ìró100

Ibẹ̀ ni. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ iná, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Iná tí dáyóòdù ń tì sínú kàpásítọ̀ kì í ṣàn lọ geere. Fún àkókò díẹ̀ nínú ìgbì kọ̀ọ̀kan, nítòsí góńgó, ni dáyóòdù ń ṣí. Gbogbo ohun tí ẹrù máa lò títí ìtì mìíràn gbọ́dọ̀ wọlé láàárín àkókò díẹ̀ yẹn. Nítorí náà, 0.25A tí ẹrù ń lò ní ìrọ̀rùn lè wọlé bí ìtì tó ju 1A lọ. Wáyà tó so ìdí kàpásítọ̀ méjèèjì pọ̀, tó sì lọ sí àárín tírànsífọ́mà, ojú ọ̀nà àwọn ìtì yìí ni. Wáyà kò sì sí tí kò ní ìdènà. Bí ìtì 1.5A bá gba inú 0.02Ω kọjá, 30mV á dìde láàárín ìkángun rẹ̀ méjèèjì, nígbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí gíráàǹdì ámpílífáyà bá so mọ́ ọ̀nà yẹn, 30mV yẹn á di ara ohùn tí à ń gbọ́. Rẹ́gúlétọ̀ kò lè wò ó sàn, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń wọlé.

Bí a ti ń ṣe é ni pé: jẹ́ kí wáyà láàárín ìdí kàpásítọ̀ méjèèjì kúrú, kó sì nípọn. Láti àárín gbùngbùn wáyà yẹn, yọ wáyà kan ṣoṣo lọ sí ojú ibòmíràn, ká pè é ní gíráàǹdì mímọ́. Ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan tó kù máa so mọ́: gíráàǹdì ámpílífáyà, ìdí kàpásítọ̀ abájáde, àti ìsàlẹ̀ R2 ti rẹ́gúlétọ̀ méjèèjì. Ẹ má gbàgbé R2 o. Ohunkóhun tó bá ń mì nísàlẹ̀ R2, abájáde náà á máa mì bákan náà, torí ẹsẹ̀ ADJ (èyí tó ń ṣètò fóltéèjì) ló ń tẹ̀lé. R1 ní tirẹ̀, ìdí ẹsẹ̀ OUT (abájáde) rẹ́gúlétọ̀ gan-an ni kó so mọ́, kì í ṣe òpin wáyà tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹrù.

Bí gbogbo èyí bá ti wà ní ipò tí ohùn díẹ̀ ṣì kù, yí tírànsífọ́mà padà nínú àpótí tàbí kó o sún un jìnnà sí príámpù. Agbára òòfà rẹ̀ lè wọ inú wáyà ohùn láìfara kàn án. Yọ púlọ́ọ̀gì kó o tó gbé e.

Àgbà_Rédíò

Ní ti ooru: 19.2 dín 15 jẹ́ 4.2V. Sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.25A, ó jẹ́ nǹkan bí 1W lára rẹ́gúlétọ̀ kọ̀ọ̀kan. Irú àpò TO-220 yìí, láìsí irin ìtutù, máa ń fi nǹkan bí 50°C gbóná ju afẹ́fẹ́ àyíká lọ fún 1W kọ̀ọ̀kan. Kò tíì dé 125°C tó jẹ́ òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n inú àpótí tó pa dé ni yóò wà. Rẹ́gúlétọ̀ wọ̀nyí máa ń pa ara wọn bí wọ́n bá gbóná jù, wọ́n á tutù, wọ́n á sì tún jí. Ẹni tó bá ní ohùn tó ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìgbà tí ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ fún àkókò díẹ̀, ibẹ̀ ni kó wò.

Irin ìtutù kékeré ti tó. Àmọ́ gbọ́ dáadáa: irin ẹ̀yìn LM317 so mọ́ OUT, irin ẹ̀yìn LM337 so mọ́ IN (abáwọlé). Bí o bá dè méjèèjì mọ́ irin kan náà láìsí ohun tó yà wọ́n, o ti so +15 mọ́ −19. Fi máíkà tàbí rọ́bà tín-ín-rín sábẹ́ wọn, fi wáṣà oníke sínú ihò bóòtù, kó o fi mítà rí i pé irin ẹ̀yìn kò kan irin ìtutù kó o tó tan iná.

Wáyà_Pupa

Ṣé kò ní sàn kó fi kàpásítọ̀ 10,000µF rọ́pò 1000µF yẹn? Ìgbì á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Ìró100

2200µF á dín ìgbì rẹ̀ kù sí 1.1V, mo sì rò pé ó yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, torí 18.0 nísàlẹ̀ ìgbì kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ bí iná ilé bá rẹlẹ̀ díẹ̀. Mi ò ní lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Bí kàpásítọ̀ bá ṣe ń tóbi tó ni àkókò tí dáyóòdù fi ń ṣí á ṣe máa kúrú tó, ìtì á wá ga sí i, tírànsífọ́mà á gbóná sí i, ariwo gíráàǹdì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lé lọ á sì pọ̀ sí i.

Ohun tó máa ṣe é lóore ju ìyẹn lọ ni kàpásítọ̀ 10µF láti ẹsẹ̀ ADJ sí gíráàǹdì mímọ́. Ìwé àlàyé LM317 fi hàn pé agbára rẹ̀ láti pa ìgbì ń gòkè láti nǹkan bí 65dB sí 80dB pẹ̀lú rẹ̀. Bí o bá fi í sí i, fi dáyóòdù 1N4002 kan láàárín ADJ àti OUT, kí ìlà rẹ̀ wà níhà OUT ní ti LM317, kí ó sì yí padà ní ti LM337, kí iná inú kàpásítọ̀ náà má bàa gba inú rẹ́gúlétọ̀ jáde bí abájáde bá so kọ́ra. LM337 kò sì gbọdọ̀ wà láìní kàpásítọ̀ lẹ́nu abájáde rẹ̀: 1µF oní-táńtálọ́ọ̀mù tàbí 10µF ẹlẹ́kítírólítíìkì lásán, nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀. Láìsí i, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mì fúnra rẹ̀.

OlóhùnGeere

Mo ti gbé gíráàǹdì lọ sójú kan ṣoṣo bí ẹ ti wí, ìsàlẹ̀ R2 méjèèjì ti wà níbẹ̀. Zìn-ìn-ìn ti lọ. Irin ìtutù ti wà lórí méjèèjì pẹ̀lú máíkà. Mo ti ní 2200µF méjì nílẹ̀, màá fi wọ́n sí i.

Ẹ̀rọ_Ọ̀tun

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá, tèmi jọ ọ́ díẹ̀. Rẹ́gúlétọ̀ 7815 (pọ́sítíìfù) àti 7915 (nẹ́gátíìfù) ni mo lò. Bí mo bá tan ẹ̀rọ láìsí ẹrù, apá méjèèjì ń jí. Bí ẹrù bá wà lórí rẹ̀, nẹ́gátíìfù kì í jí nígbà míì, á dúró lórí nǹkan tó fi díẹ̀ ju òdo lọ, ní ìhà pọ́sítíìfù. Bí mo bá pa á tí mo tún tàn án, ó lè jí.

ÌyáÒjé

Kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn, torí wọn kò jọra. Bí o bá kọjú sí ìkọ̀wé ara wọn, láti ọwọ́ òsì, 7815 jẹ́ IN, GND, OUT. 7915 jẹ́ GND, IN, OUT. Tìrẹ tó ń jí nígbà míì fi hàn pé ẹsẹ̀ wọn wà níbi tó yẹ, ṣùgbọ́n rí i dájú.

Bí ẹsẹ̀ bá pé, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé apá pọ́sítíìfù ń jí ṣáájú. Ẹrù tó wà láàárín apá méjèèjì á wá fa abájáde nẹ́gátíìfù gba ìhà pọ́sítíìfù, 7915 kò sì mọ bí a ti ń jí láti ipò yẹn. Fi dáyóòdù 1N4002 méjì sí i, lẹ́nu abájáde. Ọ̀kan láàárín abájáde pọ́sítíìfù àti gíráàǹdì, kí ìlà rẹ̀ wà níhà abájáde. Ìkejì láàárín abájáde nẹ́gátíìfù àti gíráàǹdì, kí ìlà rẹ̀ wà níhà gíráàǹdì. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá ń lọ déédéé, wọn kì í ṣe nǹkan kan. Bí apá kan bá fẹ́ fa ìkejì kọjá òdo, wọ́n á dá a dúró ní nǹkan bí 0.7V, rẹ́gúlétọ̀ á sì lè jí.

Ẹ̀rọ_Ọ̀tun

Mo ti fi méjèèjì sí i. Mo pa á, mo tàn án léraléra pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, apá méjèèjì ń jí pọ̀. Ẹ ṣeun, màmá.